Owó Ìpadàbọ̀ ni à ń Kọ́kọ́ Yà Sọ́tọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ìyá rẹ̀ fi owó aṣọ rán sí Lomé. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bọ̀, ìyá sì ti pinnu pé aṣọ ẹbí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti rà tán ní ọjà Dantokpa. Lomé ni ó fẹ́ kí a ti rà á, ní ọjà ńlá tí àwọn ìyá aláṣọ tí a mọ̀ sí Nana Benz sọ di olókìkí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ gbéra ní òwúrọ̀ Sátidé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa méjèèjì yóò dé ìlú náà nìyẹn. Nígbà tí ó di alẹ́, ó ní kí a kàn yọjú wo inú ilé tẹ́tẹ́ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí owó aṣọ mọ́, kò sì sí owó ọkọ̀.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun, nítorí pé òun ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gba ọ̀nà kan náà lọ pẹ̀lú owó tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Lomé. Ìlú tí ó yẹ kí ènìyàn rí ni. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè lọ, kí ó gbádùn, kí ó sì padà wálé láìsí ìtìjú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ọ̀nà náà kò jìn

Láti Kútọnu dé Lomé jẹ́ nǹkan bí 150 kìlómítà. Ibùdókọ̀ Jonquet ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ń lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ yóò gba Ouidah àti Grand-Popo kọjá, yóò dé ẹnubodè ní Hillacondji, yóò wọ Aného, ìlú tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ó tó dé Lomé. Owó CFA kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, nítorí náà kò sí ìdí láti bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́ owó ní ẹnubodè. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fi ọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún 90 ọjọ́ láìgba fisà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò ní kí a má mú ìwé dání. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Wákàtí tí a jèrè ní àlọ, a ó san án padà ní àbọ̀. Ẹni tí ó bá kúrò ní Lomé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́rin ti lù ní Kútọnu kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣí.

Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, Lomé kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anagokomé, èyí tí ó túmọ̀ sí àdúgbò àwọn Ànàgó. Orúkọ náà fi hàn pé àwọn ènìyàn wa ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa, wọ́n sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Àpò-ìwé márùn-ún

Kí ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ yóò ṣe? Ẹ jẹ́ kí a mú èésú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń dá 2 500 fránkì lọ́sẹ̀ yóò ní 80 000 fránkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 32. Oṣù méje ó lé díẹ̀ ni ó fi ṣiṣẹ́ kó o jọ. Kí ó tó jáde nílé, kí ó pín in sínú àpò-ìwé márùn-ún.

Àpò-ìwé kìíní ni ti ìpadàbọ̀. Kí ó fi owó ọkọ̀ àbọ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì fi ìdajì iye náà lé e, nítorí pé owó ọkọ̀ lè gbówó lórí, ara sì lè ṣàìyá. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀, èyí náà tún sàn jù, nítorí pé a kò lè fi tíkẹ́ẹ̀tì ta tẹ́tẹ́. Àpò-ìwé kejì ni ti ibùsùn: kí ó san án tán ní ọjọ́ tí ó bá dé. Àpò-ìwé kẹta ni ti oúnjẹ àti ìrìn inú ìlú, kí ó sì pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àpò-ìwé kẹrin ni ti owó ẹlòmíràn, ìyẹn owó tí wọ́n fi rán wa ní nǹkan. Èyí kò gbọdọ̀ rí alẹ́. Kí a lọ sí ọjà kí a tó lọ sí ibikíbi, kí owó náà di ẹrù kí oòrùn tó wọ̀. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti ra aṣọ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, aṣọ ni ì bá mú wálé.

Àpò-ìwé karùn-ún ni ti fàájì. Nínú rẹ̀ nìkan ni owó tẹ́tẹ́ ti lè jáde, bí ó bá pọn dandan. Bí kò bá sì sí ohun tí ó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ka tẹ́tẹ́ sí èèwọ̀, bí Ìsìláàmù ti kà á, ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó yìí láti ilé, kò sì pàdánù Lomé. Kò sí ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn létí òkun ní ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dára kí a máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nítorí ìgbì etíkun wa lágbára. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn ará Jámánì kọ́ tán ní ọdún 1902 ṣì dúró nítòsí ọjà. Ààfin àwọn gómìnà àtijọ́, Palais de Lomé, ti di ilé iṣẹ́ ọnà láti ọdún 2019, ọgbà rẹ̀ sì gbòòrò.

Ọpọ́n tí ó ń jẹ nínú ayò

A mọ eré ní ilẹ̀ Yorùbá. Ojú ihò 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun gbogbo wà ní gbangba: ọ̀tá kò rí ohun tí ìwọ kò rí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta jù ni yóò pa ẹnì kejì rẹ̀ láyò. Ọpọ́n fúnra rẹ̀ kì í jẹ nǹkan kan.

Nínú ilé tẹ́tẹ́, ọpọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo kẹ̀kẹ́ roulette tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Nọ́ńbà 37 ni ó wà lára rẹ̀, láti òdo dé 36. Bí nọ́ńbà yín bá jáde, wọn yóò san ìlọ́po 35 owó tí ẹ fi lé e, wọn yóò sì dá owó yín padà. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ fi 1 000 fránkì sí orí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà sí èyí tí ẹ kò mú. Ẹ ti ná 37 000. Nọ́ńbà yòówù kí ó jáde, 36 000 ni ẹ ó gbà padà. Ẹgbẹ̀rún kan ti lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́ yín jẹ. Bí wọ́n ti ṣe ọpọ́n náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 80 000 fránkì oníṣẹ́ wa. Bí ó bá fi 5 000 sí orí nọ́ńbà kan, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 16, owó náà ti tán. Bí 100 ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 64 nínú wọn ni nọ́ńbà wọn kò ní jáde rárá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èésú ọ̀sẹ̀ 32 ti wọ ilẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó dà nínú wọn. Àwọn tí ó kù ni à ń gbọ́ ìròyìn wọn. Àwọn 64 kì í sọ tiwọn.

Ohun tí Monaco mọ̀

Ní ọdún 1863 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Société des Bains de Mer sílẹ̀ ní Monaco, ìlú kékeré tí kò ní owó lọ́wọ́ nígbà náà. François Blanc ni ó darí rẹ̀, òun ni ó sì sọ ilé tẹ́tẹ́ Monte-Carlo di olókìkí. Ní ọdún 1869, Charles III tí ó ń jọba níbẹ̀ mú owó-orí kúrò lọ́rùn àwọn ará ìlú, nítorí pé owó tí ń wọlé láti ilé tẹ́tẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ títí di òní: ọmọ ìlú Monaco kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ nínú ilé náà. Àlejò ni wọ́n ṣe é fún.

Ibòmíràn kò yàtọ̀. Nígbà tí òfin orílẹ̀-èdè South Africa kò gba tẹ́tẹ́, ẹ̀yìn ààlà, ní Bophuthatswana, ni wọ́n kọ́ Sun City sí, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1979, kí àwọn ènìyàn lè wakọ̀ wá. Ìlú tí a kò ti mọni ni a ti ń ná owó tí a kò lè ná nílé. Kò sí ilé tẹ́tẹ́ tí kò mọ èyí. Bí àwọn tí ó ni ọpọ́n bá ń ṣọ́ àwọn ọmọ tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí àlejò náà ṣọ́ ara rẹ̀.

Ìyá ní Anagokomé

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè yẹn, a rìn kiri títí a fi dé Anagokomé, a ń bá ara wa jà lọ́nà. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ gbọ́ èdè lẹ́nu wa, ó pè wá. A kúnlẹ̀ kí i, a kò lè purọ́ fún un. Ó fún wa ní ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, ó sì yá wa ní owó ọkọ̀ méjì láìbéèrè adúgbò baba wa.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ra aṣọ ẹbí ní àwìn ní Dantokpa, oṣù mẹ́fà ni ó fi san án. Kò pariwo lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹlòmíràn ni ó fún ní owó ìnáwó láti tọ́jú, bẹ́ẹ̀ òun ni àkọ́bí.

Lẹ́yìn oṣù kan, a padà lọ sí Lomé láti san gbèsè wa. Ìyá náà gba owó, ó kà á, ó wá so ó mọ́ etí aṣọ. Kò béèrè bóyá a ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́. Ohun tí ó béèrè ni pé: «Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ọkọ̀ tí ẹ ó bá padà ńkọ́?» Ọ̀rẹ́ mi na tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ méjèèjì sí i, ìyá sì ní kí a wọlé wá jẹun.