Ṣé O Mọ̀? Ẹjọ́ Ọkọ̀ Òkun, Omi Iyọ̀ àti Pijin

Ọdún 1962 ni Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, òfin sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀. Òfin ojú omi ló ba èbúté Apápá mu jù. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ṣeé pè lẹ́jọ́? Bí ọlọ́kọ̀ bá jẹ gbèsè, tó sì jókòó sí òkè òkun, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lè pàṣẹ kí wọ́n mú ọkọ̀ náà. Wọ́n á lẹ ìwé àṣẹ mọ́ ọn lára, kò sì gbọdọ̀ kúrò títí ọlọ́kọ̀ á fi mú ohun ìdúró wá fún gbèsè náà.

Láti ojú omi, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀. Irin ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń gún mọ́lẹ̀ ní tiwọn, wọ́n á rán iná mànàmáná gbà á wọ ilẹ̀. Omi iyọ̀ ń gbé iná ju omi tí kò níyọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí òkun ti wọ abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti náwó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, tí omi iyọ̀ tú jáde, mọ iyì iṣẹ́ yìí.

Èdè Pijin Èkó ńkọ́? Ní 2005, onímọ̀ èdè Dagmar Deuber gbé ìwé *Nigerian Pidgin in Lagos* jáde. Ajégúnlẹ̀, àdúgbò olórin Daddy Showkey ní Èkó, ni mo gbà pé ó ti dùn gbọ́ jù: Yorùbá, Ìgbò, Ijaw àti Urhobo ló jọ ń fi ná ọjà níbẹ̀.