Èso Etí Ọgbà ní Kòsọ̀fẹ́: Èyí Tó Ṣeé Jẹ àti Èyí Tó Lóró

Kí ilé tó kún Kétu àti Ìkòsí ní Kòsọ̀fẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó, igi ọgbà ló ń pààlà oko. Èyí tó ṣẹ́kù wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ àti létí odò Ògùn.

ÈYÍ TÓ ṢEÉ JẸ

Kórópòó: Inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni èso rẹ̀ wà. Ẹ dúró kí àpò gbẹ, kí èso pọ́n rúsúrúsú. Ẹ má jẹ tútù.

Ọ̀dú: Kì í ṣàìmọ̀ olóko. Ewé rẹ̀ la ń sè; èso tútù rẹ̀ lóró. Ẹ fún èyí tó ti dúdú sílẹ̀ kó hù, owó ẹ̀fọ́ tí ẹ ń ná lọ́jà Mile 12 á dínkù.

Àgbáyun: Èso pupa, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, oníkóró kan. Chevalier des Marchais, ará Faransé, ti ròyìn rẹ̀ ní 1725. Ẹ fi ẹran ara rẹ̀ ra ahọ́n fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kí ẹ tu kóró. Ohun kíkan á máa dùn lẹ́nu fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ògì kíkan ò ní béèrè ṣúgà. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3, ó ti bàjẹ́. Tútù ni kí ẹ gbin kóró rẹ̀, torí èyí tó bá gbẹ kì í hù. Yóò so lẹ́yìn ọdún 3 sí 4.

ÈYÍ TÓ LÓRÓ

Ojú ológbò: Ìtàkùn ni. Kóró rẹ̀ pupa, ó ní ojú dúdú, mìlímítà 6 sí 7. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni àpò rẹ̀ ń là. Kóró kan péré tí ọmọdé bá rún lẹ́nu lè pa á, àìsàn náà sì lè má hàn títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má sín in ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ.

Làpálàpá: Kóró rẹ̀ dùn lẹ́nu, òun ló ń tan ọmọ jẹ. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀ lé e.

Olómi òjò: Òdòdó rẹ̀ rí bí agogo, oje rẹ̀ funfun. Èso tútù olórígun rẹ̀ ń dúdú bó bá gbó. Ọkàn ló ń bá jà.

Ẹwọ̀n adèlé: Èso tútù rẹ̀ lóró, ewé rẹ̀ ń ṣe ẹran ọ̀sìn níbi.

BÍ ỌMỌ BÁ TI JẸ Ẹ́

Ẹ nu ẹnu rẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ ká ẹ̀ka náà tewé-teso dání lọ sílé ìwòsàn. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Gbàgádà.

ÌMỌ̀RÀN

Pé ẹyẹ ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ewé, òdòdó, oje àti èso, ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá rú yín lójú, ẹ mú ẹ̀ka rẹ̀ lọ bá ìyá eléwé ọmọ lọ́jà kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu.