Ẹja Pupa Tí Kì Í Pupa Nílé Rẹ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Luiz Rocha àti Hudson Pinheiro, onímọ̀ nípa ẹja, wọ ibú lọ létí São Pedro àti São Paulo, àwọn àpáta kan tó yọrí láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Bràsíl ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,000 kìlómítà ló wà láàárín wọn àti èbúté. Ní nǹkan bí 120 mítà sísàlẹ̀, wọ́n rí ẹja kan nínú pàlàpálá àpáta. Kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà lọ. Akọ rẹ̀ wọ píǹkì àti yẹ́lò. Abo rẹ̀ pupa bí epo. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn débi pé ṣáàkì ràgàjì kan gba orí wọn kọjá, wọn ò mọ̀! Ẹni tó ń ya fídíò lẹ́yìn wọn ló rí i. Ní 2018 ni wọ́n sọ ẹja náà ní Tosanoides aphrodite, orúkọ òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Gíríìsì.

Ṣé irú àwọ̀ báyìí kò ní kóbá ẹja kékeré? Rárá o. Tọ́ọ̀ṣì òmùwẹ̀ ló mú un jáde. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n omi kì í jẹ́ kí wọ́n jọ dé ìsàlẹ̀. Pupa ló kọ́kọ́ ń gbé mì. Ká tó lọ ju 10 mítà lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti tán. Búlúù ló ń rìn jìnnà jù. Bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ ba ohun pupa kí ojú tó lè rí i ní pupa. Níbi tí ẹja yìí ń gbé, kò sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, abo rẹ̀ kàn ṣókùnkùn ni, kò yàtọ̀ sí àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pupa yẹn gan-an ló fi ń sá pamọ́.

Kí ló dé tó fi pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n? Ọ̀nà ibẹ̀ le. Ní 120 mítà, agbára tó ń tẹ ènìyàn tó ìlọ́po 13 ti orí omi. Bí òmùwẹ̀ bá mí afẹ́fẹ́ lásán níbẹ̀, náítírójìn á pa á bí ọtí, ọ́síjìn pàápàá á di májèlé. Nítorí náà, hílíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn wọn ń gba èémí tí wọ́n mí síta, ó ń yọ èyí tí kò dára kúrò, ó ń fi ọ́síjìn díẹ̀ kún un, ó sì ń dá a padà fún wọn.

Lílọ ò pẹ́. Bíbọ̀ ló ń jẹ wákàtí púpọ̀, torí gáàsì tó ti wọnú ara gbọ́dọ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti máa hó. Ẹja náà ní wàhálà tirẹ̀: àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wú bó ṣe ń gòkè, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un bọ̀ láàyè gbọ́dọ̀ rọra ni.