Odi tí Wọ́n Gbìn: Àwọn Ìletò Àtijọ́, Àpáta àti Odò ní Agbègbè Zawan

Zawan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Berom tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau, kò sì jìnnà sí Bukuru, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria ti dé ní 1914 láti máa kó tánganran. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ lè kọ́kọ́ rò pé òfo ni òun bá, nítorí kò sí ògiri òkúta gàgàrà bí irú èyí tí àwọn àlejò ń rọ́ lọ wò ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ní ilẹ̀ Faransé yẹn, ilé olódi, ìyẹn ilé ńlá tí ìjòyè kan fi òkúta mọ sórí àpáta kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tó o, pọ̀ lẹ́bàá odò: Beynac àti Castelnaud dojú kọ ara wọn ní bèbè odò Dordogne, ìlú Cordes, tí Raymond Keje tí ó jẹ́ olórí Toulouse tẹ̀ dó ní 1222, sì wà ṣóńṣó orí òkè títí di òní. Ìbẹ̀rù ogun ni ó gbé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn gun òkè. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà ní òkè Jos pẹ̀lú, ó sì mú kí àwọn Berom ní odi tiwọn, àfi pé wọn kò mọ ọ́n. Wọ́n gbìn ín ni.

Òkè Jos kì í ṣe òkè ṣóńṣó kan ṣoṣo. Ilẹ̀ gíga tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 8,600 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì fi nǹkan bí 1,280 mítà ga ju ìpele òkun lọ ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkè Shere tí ó wà ní ìlà-oòrùn Jos ga tó 1,829 mítà. Gíga yìí ni ó fà á tí òtútù ibẹ̀ fi ń mú ju ti ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà lọ, tí ọ̀dùnkún òyìnbó àti kábéèjì fi ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ náà. Ní apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ gíga náà dópin lójijì, ó sì já wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ibẹ̀ ni omi Assop ti ń ya wálẹ̀ lórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí Àbújá. Bèbè gíga yìí fúnra rẹ̀ ni odi àkọ́kọ́, nítorí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ní láti fẹsẹ̀ gun òkè lójú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ láti orí àpáta.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí ogun jíháàdì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ti tàn ká, tí Yakubu sì ti fìdí ìjọba Bauchi múlẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun ilẹ̀ Hausa. Ẹlẹ́ṣin a máa sáré kọlu ìletò, a kó ẹrú àti ẹran, a sì ti lọ kí àwọn ará oko tó dé. Àwọn Berom náà mọ ẹṣin gùn dáadáa, àwọn ẹṣin wọn kúkurú sì lókìkí, nítorí náà wọ́n mọ ohun tí ẹṣin lè ṣe àti ibi tí kò lè gbà. Ìmọ̀ yìí ni ó hàn nínú ọgbà igi ọrọ́ tí wọ́n fi yí ìletò wọn ká.

Igi ọrọ́ kò ní ewé tí ó tó nǹkan. Ara rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ó ní ìhà bíi mélòó kan, ẹ̀gún sì tò sí etí ìhà kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ó á tẹ̀ sókè, tí igi náà á fi dà bí ọ̀pá fìtílà. Bí ọ̀bẹ bá kàn án lára, oje funfun bíi wàrà á yọ, oje náà á sì máa ta ara bí iná. Bí ó bá kán sí ojú, ó lè ba ojú jẹ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, iná kì í tètè ràn án, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á. Bí wọ́n bá gbìn ín léraléra tí ó sì dàgbà pọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ á wọ inú ara wọn títí tí ajá pàápàá kò fi ní rí ibi gbà kọjá, yóò sì ga ju èèyàn lọ. Àárín ìlà ọgbà méjì ni wọ́n fi ọ̀nà sí, ọ̀nà tóóró tí ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ, tí ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹran ti tẹ̀ títí tí ó fi jìn wọlẹ̀ bíi yàrà. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá kó sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè sáré, kò lè yí padà ní kíá, bí ó bá sì yà sápá òsì tàbí ọ̀tún, ẹ̀gún àti oje ni yóò pàdé. Lẹ́yìn ọgbà náà ni ilé alámọ̀ olórùlé koríko wà, àti oko ẹ̀yìnkùlé, àti àká tí wọ́n ń kó acha sí, ìyẹn ọkà oníhóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tí àwọn ará òkè Jos ń jẹ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Àwọn Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ odi. Ìlú tí kò ní odi àti yàrà ní ayé ogun kò lè sùn ní ọ̀sán, àwọn Ẹ̀gbá sì sá sábẹ́ Olúmọ ní 1830 nítorí kí àpáta lè gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n odi ìlú Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ tí ọba tàbí balógun pàṣẹ rẹ̀, bí ilé olódi ilẹ̀ Faransé ṣe jẹ́ ti ìjòyè kan. Ọgbà igi ọrọ́ yàtọ̀. Kí ìjọba òyìnbó tó dé, àwọn Berom kò ní ọba kan tí ó jẹ lórí gbogbo wọn. Ìletò kọ̀ọ̀kan ń ṣe àkóso ara rẹ̀, oyè tí wọ́n ń pè ní Gbong Gwom Jos lónìí, tí Rwang Pam wà lórí rẹ̀ láti 1947 di 1969, sì jẹ́ ohun tí ó dìde ní àsìkò ìjọba amúnisìn. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbin apá ọgbà tí ó kàn án. Èyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a fi ojú iyì wò, nítorí nígbà tí ogun dó ti Montségur ní gúúsù Faransé ní 1243, tí wọ́n sì gbà á ní oṣù kẹta 1244, gbogbo àwọn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ilé olódi kan náà ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òkè Jos, bí ọ̀tá bá fọ́ ìletò kan, ó ṣì ku òmíràn níwájú, tòun ti ọgbà tirẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ará òkè náà kò mọ iṣẹ́ òkúta. Ní agbègbè Bokkos, ní gúúsù Zawan, àwọn afárá òkúta àtijọ́ wà tí wọ́n tò láìsí símẹ́ǹtì kankan, kí èèyàn lè máa kọjá lórí odò nígbà òjò, ìjọba àpapọ̀ sì ti kà wọ́n mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè tí òfin dáàbò bò. Ní etí òkè náà lápá gúúsù, àwọn Kofyar fi òkúta gbé ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ró ní ìpele ìpele kí ìṣàn omi má bàa kó erùpẹ̀ oko lọ.

Bí odò Faransé ṣe pọ̀ tó, ṣàṣà ni ibi tí a ti lè rí irú ohun tí omi ń ṣe ní òkè Jos níbẹ̀. Orí ilẹ̀ kan náà ni omi ti ń pínyà sí ọ̀nà mẹ́ta. Odò Kaduna bẹ̀rẹ̀ ní apá ibẹ̀, ó sì gba ìwọ̀-oòrùn lọ bá odò Ọya. Gongola bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, ó rìn jìnnà kí ó tó dà pọ̀ mọ́ Benue ní Numan. Delimi ní tirẹ̀ gba àárín ìlú Jos kọjá sí àríwá, omi rẹ̀ sì ń lọ sí ọ̀nà adágún Chad, tí kò dé òkun rárá. Òjò kan náà tí ó rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lè pín, kí apá kan rẹ̀ dé òkun Atlantic, kí apá kejì sì gbẹ sínú aṣálẹ̀.

Ohun tí ẹlẹ́ṣin kò lè ṣe, tánganran ṣe é. Láti 1902 ni àwọn òyìnbó ti ń wá tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kúsà, ní òkè náà, inú erùpẹ̀ àfonífojì, níbi tí odò àtijọ́ ti kó o jọ, ni ó sì pọ̀ sí jù. Ilẹ̀ oko tí ó dára jù ni wọ́n gbẹ́. Iṣẹ́ náà ni ó fa ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, wá sí Jos àti Bukuru. Nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, tí tánganran ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi tipátipá kó èèyàn tí ó lé ní 100,000 láti àríwá Nàìjíríà wá wa kúsà láàárín ọdún méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òtútù àti àìsàn sì pa. Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi bò, nítorí adágún rírẹwà tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí ní agbègbè Zawan àti Rayfield kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ihò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò dí ni. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn awakùsà ti rí àwọn orí alámọ̀ àtijọ́ tí a ń pè ní Nok láti 1928, èyí tí ó jẹ́ kí awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg ṣe akitiyan tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Jos fi ṣí ní 1952.

Àwọn àgbẹ̀ ti fi ọgbọ́n gba ihò wọ̀nyí padà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi inú wọn, wọ́n á sì fi bomi rin tòmátò àti ọ̀dùnkún. Ọgbà igi ọrọ́ kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Òfin mọ afárá òkúta ní ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n igi tí ó ń hù kì í jọ ohun àtijọ́ lójú ẹni tí kò mọ ẹni tí ó gbìn ín, nítorí náà bí ìlú ṣe ń fẹ̀ láti Bukuru wá, àwọn tí wọ́n ń kọ́lé ń hú u, wọ́n sì ń fi bíríkì rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣì wà káàkiri abúlé, pàápàá níbi tí ẹran ti ń jẹ̀ nítòsí oko. Bí ibì kan bá ya nínú ọgbà náà, ẹni tí ó ni oko á mú àdá, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oje má bàa ta sí i, á gé ẹ̀ka kan tí ó tó ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, á gbé e sílẹ̀ títí ojú ibi tí ó gé á fi gbẹ, lẹ́yìn náà á fi igi gbẹ́ ihò kékeré sínú àlàfo náà, á sì rì í bọ̀ ọ́.