Àtọ̀gbẹ àti Wíwú Ara Nínú Àrùn Kòrónà: Àyẹ̀wò fún Agbègbè Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

Ìfáàrà
Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020, ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tó gba Èkó lọ sí Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni a kọ́kọ́ bá a lára rẹ̀. Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, níbi tí àìmọye òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń wọ̀ tí wọ́n sì ń jáde láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì, kò jìnnà sí ewu náà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí àrùn náà fi ń le lára alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ.

Ohun tí wíwú ara jẹ́
Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a gbóná, a sì wú. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá kòkòrò jà. Bí ogun bá parí, wíwú náà a lọ sílẹ̀. Nínú ẹni tí kòrónà bá dá gúnlẹ̀, ogun yìí kì í tètè parí. Àwọn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ pe ọmọ ogun, bí i interleukin-6, a pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Omi a kún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì nínú iṣan.

Ipò alátọ̀gbẹ
Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì ń dá wíwú díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò rí sílẹ̀ kí kòrónà tó dé. Bí àrùn náà bá wá dé, epo ló bọ́ sínú iná. Wíwú náà kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ṣúgà a tún gòkè sí i.

Ìtọ́jú
Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé oògùn dexamethasone, tó ń pẹ̀rọ̀ sí wíwú, dín ikú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò ṣe àwọn tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní. Oògùn yìí kan náà ń gbé ṣúgà sókè. Nítorí náà, abẹ́ àbójútó dókítà ni alátọ̀gbẹ gbọdọ̀ ti lò ó. Kì í ṣe oògùn tí a ń dédé rà ní ilé ìtajà oògùn.

Àgbálọgbábọ̀
Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ kò tíì parẹ́. Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ó yẹ kí olùkọ́ máa fi èdè Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àyẹ̀wò ṣúgà kì í ṣe ti aláìsàn nìkan, nítorí pé ojú àìmọ̀ ni àrùn méjèèjì ti ń pàdé.