Owó Tí Ń Jò Lọ Lórí Fóònù, Dátà Àti Díkódà

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM kọ́kọ́ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, 50 náírà ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn kò bá tilẹ̀ ju “mo ti dé ilé o” lọ, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọn yóò yọ. Ìgbà náà ni a kọ́ fíláàṣì, kí á pe ènìyàn, kí á sì tètè pa á kí ó tó gbé e. Ìgbà tí iléeṣẹ́ Glo dé ní ọdún 2003, tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, ni ọkàn wa tó balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dára ní àkókò náà: kò sí ẹni tí kò mọ iye tí òun ń ná. Lónìí, bí ẹ bá bi baálé ilé léèrè iye tí ń jáde nílé rẹ̀ lóṣù lórí ìpè, dátà àti díkódà, orí ni yóò máa họ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti eré mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ láyè láti fi owó kún owó wọn, kí ó má ṣáà ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ọdún 2013, irú rẹ̀ kò tíì wáyé. Kí a tó mí, ní oṣù kẹta ọdún kan náà, DStv gbé ìpele Compact láti 15,700 náírà lọ sí 19,000, Premium sì kúrò ní 37,000, ó di 44,500. Ẹ rántí pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fi òfin dè ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń san Compact ti fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ wo tẹlifíṣàn.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé tèmi. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, a sì máa ń fi 500 náírà sórí fóònù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, owó náà ti tán. Ìyá ní ọmọ mi ọkùnrin ni ó ń jí i lò. Ọmọ náà sunkún, ó búra. N kò gbà á gbọ́, mo sì nà án. Nígbà tí ó padà sí ilé ìwé rẹ̀ tí ó ń gbé níbẹ̀, owó ìyá tún ń lọ bákan náà. Ìgbà náà ni mo tó jókòó ti fóònù náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo bá lórí rẹ̀ tí ó ń yọ owó lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìròyìn bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìyànjú òwúrọ̀, ìdíje kan tí ìyá kò mọ̀dí rẹ̀, àti orin tí ń dún sí etí ẹni tí ó bá pè é. Ohun kan ni ó ti yọ lójú fóònù, ìyá sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” kí ó lè kúrò níbẹ̀.

Ẹ yẹ fóònù àwọn àgbà ilé yín wò lónìí. Láti ọdún 2023, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ ń lò: *310# ni a fi ń wo owó tí ó kù, *323# ni ti dátà, *305# ni a sì fi ń dá irú àwọn iṣẹ́ báyìí dúró. Bí ẹ bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó yóò dáwọ́ dúró. Bí owó bá ṣì ń lọ, ẹ pe iléeṣẹ́ yín lórí 300. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe àjọ NCC lórí 622.

Owó ìpè tí a ń yá náà tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá yá 1,000 náírà, 850 ni ń rí lò, 1,000 ni yóò sì san padà. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù ti fi 600 náírà tọrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà báńkì tí a ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́: láti oṣù kẹfà ọdún 2025, orí owó ìpè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 6.98 náírà fún ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ kí ó ṣírò tirẹ̀.

Dátà gan-an ni baba ìṣòro. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń jẹ ẹ́ ni a kò fi ọwọ́ ara wa ṣí. Lórí WhatsApp, fídíò àti àwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ẹbí ń fi ránṣẹ́ lè máa wọlé fúnra wọn, ìbáà jẹ́ pé a kò ní wò wọ́n. Ẹ lọ sí ibi ìṣètò, ẹ wá ibi tí a kọ “storage and data” sí, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí ohunkóhun má wọlé àyàfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe bákan náà fún fídíò Facebook tí ń ṣí ara rẹ̀, àti fún Play Store tí ń tún àwọn ohun orí fóònù ṣe láìbèèrè. Ẹni tí ó bá ń fi fóònù fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé dátà oníwọ̀n ni, ìyẹn “metered connection”, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Sinimá Yorùbá ti kún orí YouTube báyìí, ilé mi náà sì ń wò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà tí ó wà nínú ìṣètò fídíò ni ó ń sọ iye dátà tí yóò lọ. Ní 360, wákàtí kan kò ní jẹ ìdá mẹ́ta ohun tí yóò jẹ ní 1080, lójú fóònù kékeré sì rèé, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Bí àwọn ará ilé bá sì pé márùn-ún, ẹ ṣírò bóyá dátà ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo yín yóò pín kò ní dín owó kù ju kí oníkálukú máa ra ti ọjọ́ kan-kan lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti mọ iye tí a ń lò ni kí a tó ra ti oṣù o. Èyí tí ó kù tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, ìfowóṣòfò ni.

Ní ti díkódà, àwọn kan ń retí kí ìjọba bá wọn jà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà ní Àbújá bu owó ìtanràn 150 mílíọ̀nù náírà lé MultiChoice lórí nítorí àfikún owó. Ọdún kò yípo tí owó tún fi gòkè, bí mo ṣe sọ lókè. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ni pé kì í ṣe ìgbéyàwó ni a bá wọn ṣe. Oṣù kan ni à ń san, a sì lè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́. Ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sinmi láti òpin oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ. Ní ọdún tí ìdíje àgbáyé kò bá sí, kí ni a ń san owó bọ́ọ̀lù fún ní oṣù kẹfà àti ìkeje? Ilé tí ó sì jẹ́ pé sinimá Yorùbá àti ìròyìn nìkan ni wọ́n ń wò, ìpele ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Èríà lásán ṣì ń mú iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ wa láìgba kọ́bọ̀.

Ìwé kékeré kan ni a fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé wa báyìí, ìyàwó mi ni akọ̀wé. A sọ̀kalẹ̀ láti Compact sí Yanga, 19,000 di 6,000. Ìyẹn nìkan gbé 13,000 náírà padà wá lóṣù kọ̀ọ̀kan, a sì fi í pamọ́ fún owó ilé ìwé. Mo bẹ ọmọ mi nígbà tí ó dé fún ìsinmi. Ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fi ọwọ́ kan fóònù ìyá àgbà mọ́, àní bí wọ́n bá ní kí ó bá wọn fi owó sí i.

Nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí mo bá lórí fóònù náà, mẹ́ta ni a pa. Ìyá ní kí á fi orin sílẹ̀, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ bí wọ́n bá pe òun. Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú iye rẹ̀.