Balùwẹ̀ Ti Gbó, Ilé Sì Fẹ́ Di Títà: Ṣé Kí Á Tún Un Ṣe Ni, Àbí Kí Á Tà Á Bẹ́ẹ̀?



Ìbéèrè kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí tó bá fẹ́ ta ilé. Ilé náà dúró dáadáa, òrùlé rẹ̀ kò jò, ìwé rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ rẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́. Táìlì kéékèèké inú rẹ̀ ti ń pọ́n, àwo ìwẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi sì ti dípẹtà. Ẹnì kan á ní kí wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí owó ilé lè gòkè. Ẹlòmíràn á ní ẹni tó bá rà á yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ta ló jàre nínú wọn?

Ìdáhùn rẹ̀ ní ṣókí nìyí: ohun tó bàjẹ́ ni kí ẹ tún ṣe. Èyí tó kàn gbó lásán, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó náwó lé e lórí. Èyí tí ẹ kò bá sì tún ṣe, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀.

Kí ni ẹni tó ń ra ilé ń wò?

Ní ilẹ̀ wa, ohun tó ń gbé owó ilé gòkè jù ni ibi tí ilẹ̀ náà wà, bí ó ṣe fẹ̀ tó, ọ̀nà tó dé ibẹ̀, àti ìwé rẹ̀: ìwé sàfíyọ̀, ìwé àdéhùn títà, àti C of O tàbí ìwé àṣẹ gómìnà. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi àti iná. Wọ́n máa wo balùwẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló wà lókè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilé àtijọ́ ní àárín ìlú bí Ìbàdàn, tàbí ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ló ti ní i lọ́kàn láti wó o tàbí láti sọ ọ́ di fúláàtì. Táìlì tuntun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ògiri tí wọ́n máa wó, owó tó bómi lọ ni.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ilé náà bá wà ní ẹ́sítéètì tí àwọn tọkọtaya ti ń wá ilé tí wọ́n máa kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ilé kì í fẹ́ máa wá bíríkìlà kiri ní ọ̀sẹ̀ tó kó wọlé. Níbẹ̀, balùwẹ̀ tó mọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́, lè mú kí ilé tètè tà. Nítorí náà, kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo, ẹ bi ájẹ́ǹtì méjì tàbí mẹ́ta tó mọ àdúgbò náà: irú èèyàn wo ló ń ra irú ilé yìí, kí ni wọ́n sì ń fi í ṣe?

Gbígbó yàtọ̀ sí bíbàjẹ́

Àwọ̀ tí kò bóde mu mọ́, gbígbó ni. Omi tó ń jò sínú ògiri, bíbàjẹ́ ni. Ojú lásán kì í fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ lè yẹ ilé yín wò báyìí kí ẹ tó pe púlọ́ńbà:

1. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, kí ẹ má tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí omi inú táńkì dé. Bí ó bá ti wálẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lo omi, ó ń jò níbì kan.

2. Ẹ bu zobo díẹ̀ sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfà á. Bí omi inú àwo bá pọ́n, rọ́bà inú àpótí náà ti jẹ. Rọ́bà nìkan ni ẹ máa rà, kì í ṣe odindi àwo.

3. Ẹ fi owó ẹyọ kan táìlì díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, táìlì ibẹ̀ ti ṣí kúrò lára ògiri, omi sì lè ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

4. Bí balùwẹ̀ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wo àjà yàrá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àbàwọ́n rúsúrúsú tó ń fẹ̀ sí i jẹ́ ẹ̀rí pé omi ń sọ̀ kalẹ̀.

5. Ẹ da garawa omi kan sílẹ̀. Ṣé ó ṣàn lọ sí ojú ihò, àbí ó dá ròkòṣò? Bí òórùn bá ń jáde láti ojú ihò náà, sọ́kàwéè lè ti kún, tàbí kí páìpù ti ya nísàlẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́: páìpù irin. Ó máa ń dípẹtà láti inú, omi á máa jáde tín-ínrín, á sì pọ́n ní àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti yín, ẹ má lẹ táìlì tuntun lé irú páìpù bẹ́ẹ̀ lórí, nítorí ọjọ́ tó bá bẹ́, táìlì yẹn náà ni wọ́n máa fọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó náwó

Ká ní wọ́n ti ń pe ilé yín ní mílíọ̀nù 45 náírà bó ṣe wà yìí. Àwọn oníṣẹ́ ní mílíọ̀nù 3.5 ni àtúnṣe balùwẹ̀ méjèèjì. Ájẹ́ǹtì sì ní lẹ́yìn àtúnṣe, ó lè tó mílíọ̀nù 47. Mílíọ̀nù méjì ni owó ilé fi lé sí i, mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ni ẹ ná. Ẹ ti pàdánù mílíọ̀nù kan àbọ̀, láì tíì ka oṣù tí iṣẹ́ fi falẹ̀ àti owó ọjà tó lè gbówó lórí kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ká ní 400,000 náírà ni ẹ fi dí ibi tó ń jò, tí ẹ fi pààrọ̀ rọ́bà àti ẹ̀rọ omi, tí ẹ fi gbẹ́ sọ́kàwéè, tí ẹ sì fi kun òkè ògiri. Ẹni tó wá wo ilé kò ní rí òórùn àti omi jíjò fi gé owó mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò àwọn wọ̀nyí, kí ẹ sì rí i pé iye tí ẹ máa ná kéré sí iye tó máa lé.

Ẹ má sì yá owó elélé nítorí àtúnṣe yìí. Ribà kò di hàláàlì nítorí pé ilé ni a fi í tún ṣe.

Ẹ má ṣe fi táìlì bo àléébù

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀sìn wa jù. Nínú hádíìsì tí Hakīm ọmọ Hizām gbà wá, èyí tó wà nínú Bukhārī àti Muslim, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó wà lára ọjà, àlùbáríkà á wọ òwò wọn. Bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, àlùbáríkà rẹ̀ á parẹ́. Muslim tún gbà á wá pé Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù. Ó bi ẹni tó ń tà á léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i.

Ògiri tó ń mu omi tí a wá lẹ táìlì dídán mọ́ kò yàtọ̀ sí òkìtì oúnjẹ yẹn. Bí olùrà bá wá rí àléébù tó ti wà kó tó rà á, tí a kò sì fi hàn án, Ṣàríà fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà. Kíkọ ọ́ sínú ìwé pé bó ṣe wà la tà á kò mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹni tó mọ àléébù tó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Kò nira láti sọ ọ́. "Alhaji, balùwẹ̀ òkè ń jò sí yàrá ìsàlẹ̀. A ò tíì tún un ṣe, àmọ́ a ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí a pè." Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí á túbọ̀ gba ohun yòókù tí ẹ bá sọ nípa ilé náà gbọ́.

Bí ilé náà bá jẹ́ ogún

Lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè olóògbé, tí a sì ti mú àsọsílẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, gẹ́gẹ́ bí Sūratun-Nisā'i ṣe là á sílẹ̀, ilé ti di ti gbogbo àwọn tó ń jogún. Ẹ̀gbọ́n àgbà kò lè dá fọ́ balùwẹ̀, kó wá sọ lọ́jọ́ ìpín pé òun náwó. Ẹ jókòó, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń san owó náà? Ṣé ẹ̀bùn ni, àbí a máa yọ ọ́ fún un kí a tó pín?

Ẹ rántí mílíọ̀nù kan àbọ̀ tó sọnù lẹ́ẹ̀kan. Bí olóògbé bá fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti ìyàwó: 187,500 náírà ti yọ nínú ìpín opó nìyẹn. Bí ọmọ tí kò tíì bàlágà bá wà lára wọn, owó ọmọ òrukàn ni ẹ ń ná. Owó yẹn kì í ṣe èyí tí a ń fi dán nǹkan wò.

Ọ̀rọ̀ Kíbúlà

Bí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti fọ́ tí ẹ sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wo ibi tó kọjú sí. Hádíìsì Abū Ayyūb kọ̀ fún wa láti kọjú tàbí kẹ̀yìn sí Kíbúlà nígbà ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn onímímọ̀ ṣe ìyàpa ẹnu lórí èyí tó bá wà nínú ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, Kíbúlà wà ní ìhà ìlà oòrùn, tó yà sí àríwá. Bí ó bá rọrùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí àwo náà bá ṣì dára, ẹ má torí ìyẹn fọ́ ilẹ̀ ilé tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ kàn sọ fún Mùsùlùmí tó bá fẹ́ rà á.

Ní ìparí, ẹ fọ balùwẹ̀ náà mọ́ tónítóní, ẹ fi gílóòbù tó mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó gbogbo ohun tí ẹ bá tún ṣe, kí ẹ sì fi han olùrà. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí ẹ tà àti owó tí ẹ gbà lórí rẹ̀. Āmīn.